Ẹjọ́ Ilẹ̀ Tí Ọ̀gá Wa Fi Sílẹ̀, àti Aya Tó Mọ Ọwọ́ Rẹ̀ Kà

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ti parí, àwọn tó ni ẹjọ́ sì ti gbà mí láyè láti kọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ ìdílé wọn tàbí ìlú wọn. Àlàájà, aya ọ̀gá wa tó ti dolóògbé, gbà mí láyè pẹ̀lú. Òun ló tilẹ̀ ní kí n má ṣe fo apá tó kan òun. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ìdílé méjì tí oko wọn pààlà ní ìlú Ìgbómìnà kan ní ìhà gúúsù Kwara ni wọ́n jọ ń fa ilẹ̀ oko kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń sọ pé baba ńlá tòun ló kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀. Ọ̀gá wa, agbẹjọ́rò tí mo kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin, ló ń gbẹjọ́ rò fún ìdílé tó pẹjọ́. Ẹjọ́ náà ti pé ọdún mẹ́fà nígbà tí Ọ̀gá kú, kò sì tíì dé ìdajì ọ̀nà. Bí a ṣe gbé e dé ìdájọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí a ti ṣe dáadáa àti ibi tí a ti ṣìṣe, àti ohun tí ìgbéyàwó rẹ̀ ṣe fún wa nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Agbẹjọ́rò inú kóòtù ni Ọ̀gá. Kò fẹ́ràn ìwé àdéhùn tàbí iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni owó wà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó dìde níwájú adájọ́, kó bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, kó sì fetí sí ìdáhùn títí tí yóò fi gbọ́ èyí tí ẹlẹ́rìí náà kò mọ̀ pé òun sọ. Kóòtù ń jókòó ní aago mẹ́sàn-án. Kò sí ìgbà tí aago mẹ́jọ ààbọ̀ lù tí kò tíì wà nínú ọgbà. Inú ìwé ẹlẹ́yìn líle ló máa ń kọ gbogbo nǹkan sí: èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ojú ìwé apá òsì, ní ọ̀nà tí adájọ́ fi ń gba ẹ̀rí sílẹ̀, ní apá ọ̀tún, àjámì. Èdè Yorùbá ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ ọ́, láti ọ̀tún sí òsì.

A máa ń rò pé torí kí agbẹjọ́rò tó jókòó tì í má baà rí i kà ló ṣe ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó wà nídìí rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ń sọ Yorùbá nínú kóòtù gíga, ògbufọ̀ ló ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ògbufọ̀ yẹn sì ni adájọ́ ń kọ. Ọ̀gá fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ni yóò wà lọ́wọ́ òun, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, kí ògbufọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Àjámì ló sì yá a lọ́wọ́ jù, nítorí òun ló ti ń kọ láti kékeré.

Níbi tó ti kọ́ ọ náà ló ti mọ ìyàwó rẹ̀. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n jọ lọ ní Ìlọrin, nínú àdúgbò tí kò jìnnà sí Ìdí-Àpẹ́. Nígbà tó lọ sí yunifásítì, lẹ́tà ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, àjámì ni wọ́n sì ń kọ ọ́, kí àwọn ará ilé tí wọ́n kàwé ṣùgbọ́n tí wọn kò ké kéwú má baà ráyè yọjú sí i. Àwọn tó mọ àjámì mọ̀ pé ìṣòro kan wà níbẹ̀. Kò sí lẹ́tà fún «gb» tàbí «p» nínú Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì fún «ẹ» àti «ọ», nítorí náà, oníkálukú ló ń wá ọ̀nà tirẹ̀ sí i. Àwọn méjèèjì fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí àmì tí wọn yóò máa lò: ẹ̀kán méjì lábẹ́ lẹ́tà kan, ìlà kékeré lókè òmíràn, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú tí àwọn nìkan mọ ìtumọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ṣègbéyàwó, tí ọmọ dé, tí ọmọ dàgbà, ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn ni wọ́n jọ ń lò. Bí ó bá fẹ́ lọ sí kóòtù tó jìnnà láàárọ̀ kùtù, ìwé pélébé kan ni yóò fi sábẹ́ abọ́ mọ́sà kí Àlàájà tó jí.

Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àlàájà. Nígbà tí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, kò lágbára àtigba ẹni tí yóò máa tẹ̀wé fún un. Bí Àlàájà bá ti ilé ìwé dé ní ọ̀sán, ọ́fíìsì ló ń gbà lọ, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọlọ́wọ́ tẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ọ̀rọ̀ àsọkágbá fún kóòtù títí di àṣálẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé tí a sì gba akọ̀wé ló fi ibẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé yóò wúlò fún wa níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹjọ́. Lọ́dún tí wọ́n pẹjọ́, ìyá àgbà kan wà nínú ìdílé tí a ń ṣojú fún, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyàwó ilé ni, kì í ṣe ọmọ ilé. Ó ti wọ ilé náà láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Àṣà wa nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ni pé olórí ẹbí ló ń kọ́kọ́ jẹ́rìí, kó ka ìtàn bí baba ńlá wọn ṣe tẹ̀dó. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní ìyá ni yóò kọ́kọ́ wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí. Bí olórí ẹbí ṣe ń bínú, bẹ́ẹ̀ ni àwa ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ń ṣe kàyéfì. Ó ṣàlàyé fún wa nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń ti Àjàsẹ́-Ìpo bọ̀: ìtàn baba ńlá, ìdílé méjèèjì ló ní tiwọn, adájọ́ kò sì sí níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń ṣa igbá, èso tí a fi ń ṣe irú, nínú oko fún ọgọ́ta ọdún mọ ẹni tó máa ń bẹ òun kó tó ṣà.

Ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (Privy Council) nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie, lọ́dún 1957, ni Ọ̀gá ń tọ́ka sí. Ohun tí ìdájọ́ yẹn fi lélẹ̀ ni pé bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ìhà méjèèjì bá takora, kí adájọ́ má ṣe wo ojú ẹni tó sọ ọ́, kó wo ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ní ìgbà tí àwọn alààyè ṣì lè rántí, kó fi mọ ìtàn tó súnmọ́ òtítọ́ jù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, lọ́dún 1976, pé ọ̀nà márùn-ún ni ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, àti pé ìṣe onílẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹni tó ni igi igbá àti igi òrí tó wà nínú oko, ẹni tí wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣa èso rẹ̀, ẹ̀rí gidi ni.

Ọjọ́ méjì ni ìyá fi jẹ́rìí. Ọjọ́ kìíní, Ọ̀gá mú un gba inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kejì, agbẹjọ́rò ìdílé kejì bi í ní ìbéèrè. Èmi kò sí ní kóòtù lọ́jọ́ kejì yẹn; mo wà níwájú adájọ́ mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ẹlẹ́rìí kejì wọlé, tí ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé adájọ́ náà ga lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: adájọ́ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí. Kí a tó tún yí dé orí ẹ̀rí, ìyá ti dolóògbé.

Ohun tó kù fún wa ni abala 46 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011. Abala yẹn gbà kí a lo ẹ̀rí tí ẹni tó ti kú jẹ́ nínú ìgbẹ́jọ́ ìṣáájú, bó bá jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ kan náà tàbí àwọn arọ́pò wọn ló ń bára wọn ṣẹjọ́, tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí ẹgbẹ́ kejì sì ti ní àǹfààní láti bi ẹlẹ́rìí náà ní ìbéèrè. Ọ̀gá kọ̀wé béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kóòtù tí akọ̀wé ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí abala 104 ṣe là á kalẹ̀. Ẹ̀dà náà dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́rú, Ọ̀gá ṣubú nínú balùwẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbéra mọ́, ahọ́n rẹ̀ kò sì gbọ́ràn. Ó lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní ọsibítù. Nígbà tí mo lọ kí i, mo bá Àlàájà tó jókòó sí apá òsì rẹ̀, tó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, tó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ń fi ìka kan fa nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Àlàájà wò mí, ó ní, «Ó ní ṣé o ti jẹun.» Àjámì ló ń kọ sí i lọ́wọ́, láti ọ̀tún sí òsì, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò fi kọ̀wé rí láyé rẹ̀.

Ó kú kí wọ́n tó pe Àsùbá ọjọ́ Jímọ̀ kan. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni a sin ín. Àwọn adájọ́ wá, àwọn agbẹjọ́rò wá, agbẹjọ́rò ìdílé kejì nínú ẹjọ́ yìí sì wà lára àwọn tó bá wa gbé òkú rẹ̀. Àlàájà wọlé opó olóṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọwọ́ mi ni fáìlì bọ́ sí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, ó sún ẹjọ́ sí ọ̀sẹ̀ méje síwájú, ẹgbẹ́ kejì kò sì takò ó. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò wọn pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìjókòó. Ó sọ̀rọ̀ Ọ̀gá dáadáa, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó wá ní òun kò ní fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ àwọn oníbàárà òun báṣubàṣu: òun yóò takò wá bí a bá fẹ́ lo ẹ̀rí ìyá. Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà fún ìdílé kejì; ó gbà á lọ́wọ́ agbẹjọ́rò mìíràn ni. Ó ti wo ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà, kò sì rí ibi tí wọ́n ti bi ìyá ní ìbéèrè kankan.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo wò ó. Òótọ́ ni. Ẹ̀rí ọjọ́ kìíní pé. Ó parí sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, wọ́n sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kejì, ojú ìwé tó tẹ̀lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kejì. Gbogbo ìbéèrè ọjọ́ kejì ti pòórá. Ẹ̀dà yẹn ti wà lọ́wọ́ wa láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí ẹni tó kà á láti òkè délẹ̀ nínú wa. Ọ̀gá ì bá kà á lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn bí ara rẹ̀ bá le; àwa tí ara wa le kò kà á.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé òfin kò béèrè pé kí wọ́n ti bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, àǹfààní láti bi í ló béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a nílò gan-an, inú ìdáhùn ọjọ́ kejì ló wà. Mo rántí pé Ọ̀gá wọ ọ́fíìsì lálẹ́ ọjọ́ náà tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní ìbéèrè ẹgbẹ́ kejì ló bá òun parí iṣẹ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì béèrè.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe tẹ̀ lé ara wọn, n kò sì ní fi wọ́n pamọ́. Èkíní, ọjọ́ kẹsàn-án tí Ọ̀gá wọlẹ̀ ni mo ti lọ sí ilé rẹ̀ lọ gba àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀. Àwọn àlejò ṣì ń wọlé wá ṣàdúà. Àlàájà ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kó wọn fún mi, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo kó wọn dé ọ́fíìsì ni mo rí i pé gíláàsì ojú Ọ̀gá wà láàárín ọ̀kan nínú wọn, ní ojú ìwé tó kà gbẹ̀yìn. Mo ti fa ohun tó fi sàmì jáde nílé rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó ráyè ṣí i.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Mo ṣí ìwé náà dé ọjọ́ kejì ẹ̀rí ìyá. Apá òsì ṣófo. Ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan péré ló wà lókè pé ìbéèrè ń lọ lọ́wọ́. Apá ọ̀tún kún fún àjámì láti òkè délẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n ti tọ́ mi. N kò mọ álífù. Mo ya àwòrán ojú ìwé kìíní, mo gbé e tọ àlùfáà Mùsùlùmí kan tí mo mọ̀ lọ pé kó bá mi kà á. Ó wò ó títí. Ó ní òun mọ àwọn lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó rí «b» níbi tí kò yẹ kí «b» wà, ó rí ẹ̀kán tí kò sí nínú ìwé kankan tó kà rí. Ó dá a padà fún mi.

Ojú ọ̀nà ni mo wà nígbà tí ara mi tutù. Ìwé oníbàárà ni mo gbé fún ẹni tí kò kàn yẹn. Abala 192 nínú Òfin Ẹ̀rí dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín oníbàárà àti agbẹjọ́rò rẹ̀. Oníbàárà ló ni àṣírí yẹn, ikú agbẹjọ́rò kò sì sọ ọ́ di tiwa. Lọ́jọ́ kejì, mo wakọ̀ lọ bá olórí ẹbí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó bi mí pé ṣé àlùfáà náà rí i kà. Mo ní rárá. Ó ní, «Ọlọ́run ló bá ọ ṣe é. Ta ló wá lè kà á?» Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un nípa Àlàájà, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé kí a fi hàn án. Bí kò bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó ṣe akọ̀wé fún agbẹjọ́rò wà lábẹ́ òfin àṣírí kan náà, gẹ́gẹ́ bí abala 193 ṣe sọ. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Àlàájà ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, n kò sì fẹ́ tún fẹsẹ̀ tẹ ohun tí kò dá mi lójú.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò lọ sílé fúnra mi. Ọmọ rẹ̀ àgbà ni mo rán. Àlàájà fèsì pé kí n wá lẹ́yìn alásàrí, pé ọmọ òun yóò jókòó tì wá, pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni òun yóò máa ráyè. Nígbà tí mo dé, tí mo kí i tán, kí n tó mú ìwé tí olórí ẹbí fọwọ́ sí jáde, ó bi mí pé, «Ṣé ẹni tó lẹjọ́ mọ̀ pé èmi ni ẹ fẹ́ kí n kà á?» Orí mi wálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, òun ni èmi agbẹjọ́rò gbàgbé níjọ́sí.

Ó kà á díẹ̀díẹ̀, mo ń kọ. Ohùn ìyá àgbà ló ń jáde nínú yàrá yẹn. Agbẹjọ́rò ìdílé kejì bi í pé ta ló fún un láyè láti máa ṣa igbá nínú oko náà. Ó dáhùn pé, «Ta ni yóò fún mi láyè nínú oko ọkọ mi? Ẹ̀yin ni ẹ ń wá. Lọ́dọọdún, bí igbá bá gbó, ìyá yín ń gbé agbọ̀n wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń kúnlẹ̀, a sì ń fún un ní àyè ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dàgbà, ìyàwó àbúrò yín ló ń wá.» Wọ́n bi í pé ṣé kì í ṣe pé ó ń ra igbá ni. Ó ní, «Ẹni tó ń rajà kì í kúnlẹ̀.» Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Kojo àti Bonsie ń sọ, ìyẹn nìyẹn, lẹ́nu obìnrin tí kò mọ̀wé.

Inú mi dùn débi pé n kò fetí sí ìlà tó tẹ̀lé e. Àlàájà ti kà á kọjá kó tó padà sí i. Ó ní, «Ó kọ ọ́ síbí pé adájọ́ ṣí ìwé tuntun.»

Ohun tó gba ẹjọ́ náà là nìyẹn. Gbogbo ìgbà yẹn, ohun tí ìyá sọ ni mo ń lé kiri, bẹ́ẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ agbẹjọ́rò kì í ṣe ẹ̀rí. N kò lè gbé e fún adájọ́. Bí mo bá gbé e, a ó lé mi jáde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àkọsílẹ̀ agbẹjọ́rò lè ṣe ni kó tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rí wà. Ọ̀gá, tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wàràwàrà, tún rí i pé ìwé tí adájọ́ ń kọ sí ti kún, pé wọ́n gbé òmíràn fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Mo kọ̀wé sí akọ̀wé ilé ẹjọ́, mo sọ ọjọ́ náà, mo ní kí wọ́n wá ìwé àkọsílẹ̀ adájọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n rí i. Wọ́n ti tò ó mọ́ àwọn ìwé ẹjọ́ ọ̀daràn nítorí pé ẹjọ́ ọ̀daràn ló gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìbéèrè àti ìdáhùn ìyá, pẹ̀lú ọwọ́ adájọ́ fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dùn tó Yorùbá ìyá, ṣùgbọ́n ó pé.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kejì takò ó bó ṣe ṣèlérí, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, adájọ́ sì gba ẹ̀dà tuntun náà wọlé. Ẹlẹ́rìí márùn-ún ló tún jẹ́rìí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àsọkágbá, ìdájọ́ jáde láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún adájọ́. A gba ilẹ̀ títí dé etí odò; èyí tó kọjá odò, adájọ́ ní a kò fi ẹ̀rí tó tó hàn, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ, nítorí ìyá kò ṣa igbá dé ọ̀hún rí. Ẹgbẹ́ kejì pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn àgbà ìlú dá sí i, wọ́n sì fà á kúrò.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà ní ọ́fíìsì wa láti ìgbà náà. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kóòtù kò tún sùn lórí tábìlì. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹni méjì ló ń kà á, ọ̀kan ń fi ìwé àkọsílẹ̀ ti wa wé e, ojú ìwé sí ojú ìwé. Ẹlẹ́rìí tó bá dàgbà jù, tàbí tí ara rẹ̀ kò le, ni a ń kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́, bí olórí ẹbí tilẹ̀ bínú. Àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ń kọ ọjọ́, àkókò, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ nínú kóòtù tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, títí kan iná tó lọ àti ògbufọ̀ tí wọ́n pààrọ̀. Bí a bá sì ti kóòtù dé, a ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé ẹ̀rín Ọ̀gá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí mi ò béèrè nípa rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ ná àwọn oníbàárà wa ní ilẹ̀ wọn.

Èyí tó ṣòro jù láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni ti ilé olóògbé. Bí agbẹjọ́rò bá kú, fáìlì oníbàárà kò lè dúró de ìparí ọ̀fọ̀, àwọn ọjọ́ kóòtù ń bọ̀. Síbẹ̀, ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ẹ̀ka ọ́fíìsì. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n rán ẹni tó tọ́, kí wọ́n bá ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n olóògbé sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí ẹni tó fún wọn sì ní ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí opó wo ohun tó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó jáde nílé. Nínú wa, kò sí ẹni tó mọ ọkùnrin yẹn tó obìnrin náà. Láti ìgbà tó ti fi ìwé títẹ̀ sílẹ̀, kò mọ orúkọ oníbàárà kankan, nítorí ọkọ rẹ̀ kò sọ ọ́ nílé rí, òun náà kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ó mọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń ronú, ibi tó ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, àti ohun tí kì í fò.

Nǹkan kan ṣì kù. Ní ojú ìwé kẹrin, láàárín ìbéèrè méjì, Àlàájà dákẹ́. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ìlà yẹn kò kan ẹjọ́, ó sì kọjá sí èyí tó tẹ̀lé e. N kò bi í. Lẹ́yìn ìdájọ́, nígbà tó ti jáde opó tipẹ́, ó wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí nígbà tó ń tẹ̀wé, ó ní òun fẹ́ ẹ̀dà ìlà kan ṣoṣo yẹn bí àwọn tó lẹjọ́ bá gbà. Olórí ẹbí ti gbà lórí fóònù kí n tó parí gbólóhùn. Mo bo ìyókù ojú ìwé náà, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì kà á fún mi: oríkì Àlàájà ni Ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí òun má gbàgbé láti ra wàrà fún un bí òun bá ń bọ̀. Mo bi í pé ṣé Ọ̀gá rà á. Ó ní ó rà á, pé lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tó ń tajà lójú ọ̀nà Àmọ̀yọ̀ ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kó tó délé, àwọn sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun lọ yí ọkọ̀ padà kí oòrùn tó mú.